Ẹni Tó Ni Kẹ̀kẹ́ Kejì

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà dé, síìpù ni Ìyá Síìpù ń bá jà lọ́wọ́. Ìjà náà ti pẹ́. Ó ti lé lógún ọdún tí obìnrin aránṣọ yìí ti ń sọ fún gbogbo ayé pé olè paraku ni àwọn tó ń ta síìpù: wọn á kọ ogún ínṣì sára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi téépù wọ̀n ọ́n, kò ní pé ogún láéláé. Á dín ju ààbọ̀ ínṣì lọ. Ó ti dá síìpù padà fún ọlọ́jà títí ó fi sú ọlọ́jà. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yẹ̀yẹ́ di orúkọ, orúkọ sì mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ń jẹ́ wọn.

Ó dúró nídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ọkọ rẹ̀ ló kàn án fún un lọ́dún tó kọjá, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Tábìlì náà bá a mu débi pé kò ní láti tẹ̀, kò ní láti nà. Ó fi eyín di píìnì mẹ́ta mú, ó na téépù lé síìpù lórí, ó sì ń kùn wọ̀ọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọ alágídí wí.

Akólẹ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin yìí ló gba ipò ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó fi ojúlé hàn án ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kìlọ̀ fún un nípa ajá tó ń géni jẹ. Akólẹ́tà kì í dúró. Wọn á sọ ìwé sílẹ̀, wọn á kọjá. Èyí dúró, ó fi lẹ́tà lu àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mama."

"Ṣé lẹ́tà lo mú wá, àbí aṣọ lo fẹ́ rán?" Píìnì wà lẹ́nu rẹ̀, eyín ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Lẹ́tà ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ọ̀gá mi ló wà lára rẹ̀. Mo ti fẹ́ dá a padà, mo wá ní kí n kọ́kọ́ bi yín léèrè."

"Dá a padà síbo? Ẹni tó ni ín ò ní ojúlé mọ́."

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó gbé lẹ́tà lé orí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn kalẹ̀, ó sì lọ.

Oṣù mẹ́rin rèé tí Bàbá Lẹ́tà, ọkọ rẹ̀, ti kú. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi gun kẹ̀kẹ́ kiri ìlú yìí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tó fi sùn lẹ́yìn ìlú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìnkùlé láti bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ kan ló bọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fi máa gbé omi dé, ẹsẹ̀ kejì ṣì wà nínú bàtà, ẹni tó ni ẹsẹ̀ ti lọ.

Ìwé mẹ́ta péré ni Ìyá Síìpù kà kí wọ́n tó mú un lọ kọ́ṣẹ́. Bí ẹni ń tú òwú tó lọ́ pọ̀ ló ṣe máa ń kàwé: á rí ìdí kan, á fà á, á rí òmíràn. Báyìí ló ṣe ka lẹ́tà náà:

"Ọ̀gá mi, mo kí yín. Lẹ́tà yín kẹta tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọkọ̀ mi á gbé èèyàn méjì, kẹ̀kẹ́ méjì àti àpò mẹ́jọ kọjá ẹnu odò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí omi bá ti fà. Mi ò rí irú yín rí, àgbàlagbà méjì tó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ tọ etíkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí mọ́tò kankan lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ní àwọn ó gbé oúnjẹ, omi àti ibùsùn ara wọn. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé òun fẹ́ fojú kan obìnrin tí ẹ jọ ń bọ̀ yìí. Ẹ fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, torí mo fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe. Èmi, ọlọ́kọ̀ ẹnu odò."

Ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ obìnrin, ó yọ píìnì kúrò lẹ́nu, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta, ó tò wọ́n sórí tábìlì. Ó mọ ara rẹ̀. Bí kò bá yọ wọ́n, á gbé wọn mì.

Obìnrin wo?

Kì í ṣe òun. Òun ò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti máa ń gbé e nígbà tó wà lọ́mọge. Ẹnikẹ́ni ò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ etíkun. Kí ọkọ ẹni kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ọlọ́kọ̀ tí a ò mọ̀ rí, lórí ìrìn àjò tí a ò gbọ́ rí, pẹ̀lú obìnrin tí a ò mọ̀, kí ó sì jókòó tì wá lálaalẹ́ kó máa ní ẹ̀wà yìí mà dùn o! Ó fa àga, kò jókòó lé e. Ó kàn dì í mú.

Àpò tí ọkọ rẹ̀ fi ń pín lẹ́tà ṣì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá. Kò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó gbé e wálẹ̀, ó tú u sórí ibùsùn. Máàpù etíkun kan jáde, ó ti ya níbi tí wọ́n ti ń ká a. Lẹ́tà àwọn èèyàn jáde, ó tó mẹ́rìnlá, láti ọ̀dọ̀ àwọn akólẹ́tà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú etíkun gbogbo: oníkálukú ń sọ bí ọ̀nà ọ̀dọ̀ òun ṣe rí, ibi tí omi mímu wà, ibi tí iyanrìn ti jìn. Ẹni tó bá wà nídìí lẹ́tà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kò ní gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ṣeé sọ lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni ìwé pẹlẹbẹ aláwọ̀ búlúù jáde, irú èyí tó fi máa ń to ojúlé.

Ó ti to etíkun gẹ́gẹ́ bó ṣe ń to àdúgbò. Ọjọ́ kìíní: abúlé àwọn oníyọ̀, kìlómítà méjìlélọ́gbọ̀n, kànga wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ kẹta: iyanrìn, a ó sọ̀ kalẹ̀, a ó fọwọ́ tì í. Ọjọ́ keje: ìsinmi, fọ aṣọ. Ọjọ́ kọkànlá: ẹnu odò, ọlọ́kọ̀. Títí dé ọjọ́ kẹrìnlélógún, níbi tó kọ "òpin" sí, tó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ewé kejì ni ẹrù wà: àgọ́ kan, sítóòfù kékeré, ìkòkò kan, síbí méjì, táyà kan tó ṣeé ká, sípóòkù mẹ́fà, páǹpù, àbùlẹ̀ tíúbù, omi lítà mẹ́wàá. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ló kọ ọ́ gàdàgbà: "A ò ní gbára lé ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá gbé la ní."

Síbí méjì. Ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ó tún rí "àpò mẹ́jọ, tapólì, aránṣọ ti rán an." Ọ̀rọ̀ yìí gbé e jókòó. Òun ni aránṣọ. Ọkọ rẹ̀ gbé tapólì, aṣọ líle tí omi kì í wọ̀, wálé lọ́dún tó kọjá pé oníbàárà kan fẹ́ àpò mẹ́jọ alágbára tó ṣeé so mọ́ ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́, ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta rán wọn, ó fi òwú méjì gún oríkèé wọn kí wọ́n má baà tú, abẹ́rẹ́ mẹ́rin sì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá jọ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù fún orogún.

Ojú ewé kẹta ló burú jù. "Kẹ̀kẹ́ kejì," ni Bàbá Lẹ́tà kọ sókè. Lábẹ́ rẹ̀: "Ẹsẹ̀ láti inú, mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Apá, mẹ́tàlélógún."

Ẹlòmíràn ì bá kọjá lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n aránṣọ ni Ìyá Síìpù. Bí a bá kọ ìwọ̀n ara èèyàn sílẹ̀ fún aránṣọ, bí ẹni ya fọ́tò onítọ̀hún fún un ni. Ó bọ́ sí yàrá iṣẹ́, ó mú téépù rẹ̀, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gba òmìnira, tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ láti ìgbà náà bí ẹ̀gbà. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wọn ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó na ara rẹ̀ títí gìgísẹ̀ fẹ́ gbéra. Méjìdínlọ́gbọ̀n náà ni. Ó wọn apá. Méjìlélógún àti díẹ̀.

Nítorí náà, obìnrin kan wà tó ga jù ú lọ.

Ó ṣì lè dúró síbẹ̀. Àwọn mìíràn á dúró síbẹ̀, wọn á sunkún, wọn á gbé ìwé náà jù sínú iná. Òun ò sunkún; ara rẹ̀ ti le bí aṣọ tí wọ́n ta ògì sí. Ó ṣí ìwé oníbàárà rẹ̀, ìwé ńlá tó kọ ìwọ̀n gbogbo ìlú sí, ó fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ilẹ̀, ojú ewé dé ojú ewé, ó ń wá ẹsẹ̀ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti apá mẹ́tàlélógún. Obìnrin tó ń rán ṣòkòtò lọ́dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti rí i. Ìwọ̀n méjèèjì bára mu bí ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn méjì tó jọ gbìmọ̀.

Oníbúrẹ́dì ni.

Oníbúrẹ́dì tó ń gun kẹ̀kẹ́ láràárọ̀. Oníbúrẹ́dì tó sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún kí wọ́n tó rántí opó.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Ìyá Síìpù wọ kaba tó máa ń wọ̀ bí ó bá fẹ́ lọ bá èèyàn jà. Ó ká ìwé búlúù àti lẹ́tà sínú àpamọ́wọ́, ó fi téépù kọ́rùn, síìpù àná ṣì wà nínú àpò kaba rẹ̀. Ilé búrẹ́dì gbóná. Ìyẹ̀fun ti kun apá oníbúrẹ́dì dé ìgbọ̀nwọ́, ó ń fi aṣọ nu agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, ó ń tò wọ́n léra.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Síìpù. Ṣé ṣòkòtò mi ti parí ni?"

"Ṣòkòtò rẹ kọ́ ni mo bá wá. Ẹsẹ̀ rẹ ni."

"Ẹsẹ̀ mi? Kí ló ṣe?"

"Ìwọ ni kí o sọ fún mi. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Apá rẹ, mẹ́tàlélógún. Ta lo wọ̀n ọ́n fún?"

Oníbúrẹ́dì gbé agolo kalẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo wọ̀n ọ́n fún, Mama. Ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró ṣinṣin."

Ìyá Síìpù ṣí ìwé búlúù lé orí ìyẹ̀fun. Kò pariwo. Ó fi ìka kan kẹ̀kẹ́ kejì, ó kan ìwọ̀n, ó kan síbí méjì, ó wá na lẹ́tà ọlọ́kọ̀ sí i. Oníbúrẹ́dì kà á lórí ìdúró. Ó kà á tán, ó wá ibi tó máa jókòó sí, àpò ìyẹ̀fun ló rí.

"Èmi àti Bàbá Lẹ́tà?" Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ tí kò yé e. "Ẹ̀yin Mama. Ẹ̀yin lẹ rò ó? Ẹ̀yin tí ẹ rán aṣọ ìgbéyàwó mi?"

"Èmi kọ́ ni mo rò ó. Téépù ló sọ ọ́."

"Ẹ gbọ́ mi. Ọkọ yín wá síbí lóòótọ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi mí bóyá obìnrin ọlọ́gọ́ta ọdún tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí lè kọ́ ọ. Mo ní ó lè kọ́ ọ, bí kò bá bẹ̀rù àti ṣubú. Ó ní èyí tí òun ń wí yìí kò bẹ̀rù nǹkan kan láyé àfi kí wọ́n rẹ́ ẹ jẹ nídìí síìpù." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ìyẹ̀fun kù síbẹ̀. "Ẹni àádọ́ta ọdún ni mí, láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ mi? Nítorí yín ni mo ṣe sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Mo rí yín níbi tí ẹ jókòó sí, mo sì mọ̀ pé ẹ ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà bá Ìyá Síìpù níbi tí kò fẹ́ kó bá a. Ó kọ̀ ọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ dùn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yìí kì í ṣe tèmi. Mo wọ̀n ọ́n. Ẹnu ló ń purọ́, téépù kì í purọ́."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ bá Bàbá Onídígí. Kẹ̀kẹ́ náà ṣáà wà lọ́dọ̀ rẹ̀."

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

Oníbúrẹ́dì wò ó. "Ẹ ò tíì rí i? Oṣù mẹ́rin, kò tíì gbé e wá?"

Bàbá Onídígí ni wẹ́dà tó ń jó irin ní ìkángun òpópónà, ọ̀rẹ́ Bàbá Lẹ́tà láti ìgbà èwe. Dígí dúdú kì í kúrò níwájú orí rẹ̀. Wọ́n ní ó ti gbé e sun rí. Nígbà tó rí àwọn obìnrin méjèèjì tí wọ́n jọ ń bọ̀, ó pa iná, ó fa dígí náà bojú bí ẹni tó fẹ́ sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ má bínú. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé lọ́la ni n ó gbé e wá. Ẹni tó ní kí n má sọ lọ láì sọ ìgbà tí mo lè sọ."

"Ẹ bọ́ dígí yẹn kí n rí ojú yín."

Ó bọ́ ọ. Ó gun àga, ó tú okùn lára igi àjà, ó sọ nǹkan kan kalẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé. Ìyá Síìpù mọ aṣọ náà kó tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ fèrèsé rẹ̀ ni, èyí tó sọ nù lórí okùn lọ́dún tó kọjá, tó fi bá ará ilé kejì fa ọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Wẹ́dà fà á kúrò. Kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé kan dúró níbẹ̀, irin rẹ̀ kúrú, ó tẹ̀ wálẹ̀ láàárín kí aláṣọ gígùn lè gbẹ́sẹ̀ kọjá, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún àpò méjì síwájú, méjì sẹ́yìn. Kò sí ìdọ̀tí kankan lára táyà rẹ̀.

"Ta ló ni ín?" ni obìnrin náà bi í.

"Ta ló tún lè ni ín?"

"Ìwọ̀n tó wà nínú ìwé kì í ṣe tèmi."

Wẹ́dà wo oníbúrẹ́dì, oníbúrẹ́dì gbé èjìká. Ọkùnrin náà yọ téépù onírin kúrò nínú ìgbànú rẹ̀. "Èyí ló fi wọ̀n yín. Ó yá a lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ kan. Ó ní tábìlì lòun ń kàn."

Tábìlì.

Gbogbo rẹ̀ padà wá lójijì bí ẹni ṣí fèrèsé. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú téépù onírin, ó ń wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé, òun sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ìka gbá a lórí: "Bàbá Lẹ́tà, ṣé tábìlì yìí máa wọ ṣòkòtò ni?" Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ó lè wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan," ó ní. "Na apá rẹ."

"Wọ̀n mí," ni Ìyá Síìpù sọ fún oníbúrẹ́dì.

Oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó kún fún ìdọ̀tí irin. Ó fi téépù onírin wọ̀n ọ́n. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Wọn apá."

"Mẹ́tàlélógún."

Ìyá Síìpù bọ́ téépù ọrùn rẹ̀, ó nà án sórí bẹ́ǹṣì irin, ó fi téépù wẹ́dà tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, orí kan orí. Àwọn méjèèjì jọ lọ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkejì sílẹ̀. Níbi tí tirẹ̀ ti pe ara rẹ̀ ní méjìdínlọ́gbọ̀n, irin wà ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Aṣọ ni téépù rẹ̀. Ó ti fi ọdún mọ́kànlélógójì fà á, ó ti fi òógùn ọrùn rẹ̀ rin ín, òòrùn ti gbẹ ẹ́, ó ti nà bí rọ́bà àtijọ́, kò sì fura lọ́jọ́ kan, nítorí téépù kan náà tó fi wọn èèyàn ló fi ń gé aṣọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń purọ́ kan náà ni, ìyẹn ni aṣọ ṣe ń bá oníwun mu.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sínú àpò kaba. Ó yọ síìpù àná jáde, ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin.

"Ogún géérégé," ni wẹ́dà wí.

Ìyá Síìpù jókòó sórí páìpù kan. "Ogún ọdún," ó ní. "Mo pè wọ́n lólè lójú ọmọ wọn."

"Ẹsẹ̀ tèmi wá ńkọ́?" ni oníbúrẹ́dì bi í jẹ́jẹ́.

"Ọgbọ̀n ni. O ga ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ." Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú, ìyẹ̀fun àti gbogbo rẹ̀. "Ọmọ mi, mo ti ṣe ohun tí àgbà kì í ṣe. Má jẹ́ kí n kúnlẹ̀, orúnkún mi ò dára."

"Ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ ṣáà fi ṣòkòtò yẹn jìn mí."

"Mo fi jìn ọ́."

Ó ti yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò balẹ̀. Nǹkan kan ṣì kù. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà. "Kí ló dé? Kí ló bá a tó fi ronú irú èyí?"

Wẹ́dà fi aṣọ nu dígí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ dígí náà ò dọ̀tí. "Ó ní ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ òun. Ọdún tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Ó gbé yín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sétí òkun, ẹ wá ní, 'Níbo ni ọ̀nà yìí parí sí?' Kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ìtìjú ló jẹ́, kí akólẹ́tà má mọ ibi tí ọ̀nà parí sí. Ó ní bí òun bá fẹ̀yìn tì, òun ó dá yín lóhùn."

Ìyá Síìpù wá ọ̀rọ̀ náà nínú orí ara rẹ̀. Ó rí etí òkun. Ó rí ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin náà tí òógùn rin, ó tilẹ̀ rántí pé bọ́tìnnì kan ti já lára rẹ̀. Ìbéèrè yẹn ló wá tí kò rí. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan, ó gbàgbé rẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹnì kan sì gbé e kiri láti ojúlé dé ojúlé fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó ń wá ibi tó máa jíṣẹ́ rẹ̀ sí.

Ó ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sílé ní ojú ọ̀sán gangan. Gbogbo àdúgbò ń wò ó.

Láti ọjọ́ kejì, oníbúrẹ́dì ń wá lẹ́yìn tó bá ti pín búrẹ́dì tán, wọ́n á lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ìyá Síìpù ṣubú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó kà á. Ìgbà kejìlá, oníbúrẹ́dì fi ìjókòó kẹ̀kẹ́ tó ń dì mú sílẹ̀ láì sọ fún un, ó sì gùn ún títí dé ara ògiri, nítorí pé kò sí ẹni tó ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ó dìde, ó gbọn kaba, ó ní, "Ògiri náà ò yà fún mi."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń tẹ́ máàpù sórí tábìlì tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ó fẹ́ mọ bí ọ̀nà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, nítorí ẹsẹ̀ tirẹ̀ ò lè ṣe ohun tí ẹsẹ̀ akólẹ́tà ń ṣe. Ibẹ̀ ló ti rí àṣìṣe ọkọ rẹ̀. Rúlà ni Bàbá Lẹ́tà fi wọn etíkun, ó fà á tààrà láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n etíkun kì í lọ tààrà. Ó ń wọnú, ó ń yọ jáde, bí abíyá ẹ̀wù. Ta ló ń fi rúlà wọn abíyá? Ó já òwú gígùn, ó fi píìnì kan ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilé, ó tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ̀, ó fi píìnì kàn án ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó na òwú náà, ó fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin gùn ju ìwọ̀n ọkọ rẹ̀ lọ. Omi lítà mẹ́wàá kò ní tó láàárín ọjọ́ kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Wọn ì bá ti há síbẹ̀, àwọn méjèèjì.

"Bàbá Lẹ́tà," ó sọ ọ́ sínú yàrá òfìfo, "ẹ̀yin náà."

Ó pa ọjọ́ mẹ́rìnlélógún rẹ́, ó kọ ogójì. Ó fi omi kún un. Ó yọ ohun tí èèyàn kan ò nílò kúrò nínú ẹrù, ó dín àpò mẹ́jọ kù sí mẹ́rin. Ó dé orí síbí méjì, ó gbé bírò sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Síbí ò wúwo.

Ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù tó parí, ó kọ lẹ́tà. Odindi òwúrọ̀ ló gbà á.

"Ọlọ́kọ̀ ẹnu odò, mo kí yín, mo kí ìyàwó yín. Ẹni tó ń kọ̀wé sí yín ti kú. Ẹ má bẹ̀rù, kì í ṣe ọ̀nà yín ló pa á. Mi ò tíì lè wá lọ́dún yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ni. Bí òjò bá dá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa wò mí lọ́nà. Èèyàn kan, kẹ̀kẹ́ kan, àpò mẹ́rin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹlòmíràn sí àyè tó kù nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó ṣófo."

Nígbà tí akólẹ́tà dé, ó gbà á, ó yí i padà. "Mama, ẹ ò kọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ sẹ́yìn. Bí wọn ò bá rí onílẹ́tà, ta ni wọn ó dá a padà fún?"

Obìnrin náà gba lẹ́tà padà, ó gbé e lé orí tábìlì. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń rán etí aṣọ: Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ kejì.